Kí Ilé Ahun Lè Gba Ahun

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọmọ ahun kì í sábà béèrè ju ohun mẹ́ta lọ: èló ni, kí ló ń jẹ, ṣé kì í gé èèyàn jẹ. Ẹni tó ń tà á yóò gbé e lé e lọ́wọ́, àtẹ́lẹwọ́ kan ṣoṣo yóò gbà á, àyè yóò sì tún ṣẹ́ kù. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú, ìyẹn bí ilẹ̀ tí ahun náà yóò máa gbé ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, kì í jẹ yọ títí wọn yóò fi sanwó tán. Ìgbà tí wọ́n bá délé ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá páálí tàbí bàsíà tó ti là tí wọn yóò fi ṣe ilé fún un. Àwọn àgbà ní ilé ahun kò gba ahun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ahun kò gba àlejò. Ìwà ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń fi òwe náà bá wí, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ti ń sin ahun lónìí, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Àánú ẹranko yìí ń ṣe mí, nítorí kì í ké. Bí ebi bá pa ajá, yóò hu. Bí ilé bá há mọ́ ewúrẹ́, gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Ahun yóò kàn máa rìn yí ògiri po ni láti àárọ̀ dalẹ́, ẹni tó ni ín yóò sì máa sọ pé ara rẹ̀ yá. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìwọ̀n ọgbà ahun kínníkínní. Bí ẹranko náà yóò ṣe tóbi tó nígbà tó bá dàgbà tán ni kí ẹ fi wọn ilẹ̀, kì í ṣe bó ṣe rí lọ́wọ́ yín lónìí. Kí ẹ sì tó dárúkọ ẹsẹ̀ bàtà kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ahun fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe.

Oríṣi ahun tó wà níwájú yín ni ìbẹ̀rẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, oríṣi méjì ni èèyàn lè bá pàdé. Èkíní ni ahun inú igbó wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Kinixys. Ìkarahun rẹ̀ ní oríkèé lápá ẹ̀yìn, tó fi jẹ́ pé bí ẹ̀rù bá bà á, ó lè pa á dé mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti ìrù rẹ̀. Kò tóbi, èyí tí wọ́n ń pè ní Kinixys homeana kì í sábà gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Èkejì jẹ́ ti òkè Ọya lọ́hùn-ún, ti ilẹ̀ gbígbẹ Sàhẹ́lì tó lọ láti Senegal àti Mauritania títí dé Sudan àti Etiópíà. Centrochelys sulcata ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, àwọn olùsìn káàkiri ayé sì ń pè é ní sulcata. Àwọ̀ iyanrìn gbígbẹ ló ní, etí ìkarahun rẹ̀ rí jágajàga níwájú àti lẹ́yìn, ìpẹ́ líle bo ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì, ẹ̀gún sì yọ sí itan rẹ̀.

Sulcata yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí òun ló ń tan èèyàn jẹ. Nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Bó bá ń jẹun dáadáa, láàrin ọdún márùn-ún ó lè ti gùn ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Bó bá dàgbà tán, ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 70, akọ rẹ̀ sì lè wúwo ju odindi àpò ìrẹsì kílò 50 lọ. Lẹ́yìn àwọn ahun ńlá erékùṣù Galápagos àti Aldabra, kò sí ahun orí ilẹ̀ mìíràn láyé tó tóbi tó o. Ẹni tó bá rí ọmọ rẹ̀ lọ́jà kò lè mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un, ẹni tó ń tà á kì í sì í sọ ọ́.

Àwọn olùsìn ahun ní ìṣirò kan tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó wà nínú ìlànà ìtọ́jú tí wọ́n gbé jáde ní Jámánì ní 1997: kí gígùn ilé ahun tó gígùn ìkarahun rẹ̀ lọ́nà 8, kí ìbú ilé náà sì tó o lọ́nà 4. Kì í ṣe pé ibẹ̀ ni ìtura wà. Ohun tí ìlànà náà ń sọ ni pé ilé ahun kò gbọ́dọ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ wọn ìkarahun, ẹ má fa tépù gba orí ẹ̀yìn rẹ̀ tó yọ gẹ̀ǹgẹ̀ kọjá. Ẹ gbé ahun sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi ègé pákó kan kan iwájú ìkarahun, ẹ fi òmíràn kan ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ rọra gbé ahun kúrò, kí ẹ wá wọn àlàfo tó wà láàrin pákó méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ìṣirò náà dán ẹranko wa wò. Sulcata tí ìkarahun rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 70 yóò gba ibi tó gùn ní mítà 5.6, tó sì fẹ̀ ní mítà 2.8. Ìyẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ju yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 lọ. Ẹranko tó wúwo tó àgbàlagbà, tó ń jẹ koríko láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nínú yàrá kan! Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kò ní sí ewé kan níbẹ̀ mọ́, ilẹ̀ yóò di eruku lẹ́ẹ̀rùn, yóò di ẹrẹ̀ lójò. Ẹ lọ sí ìpẹ̀kun kejì: ọmọ tuntun tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5. Ìṣirò yìí fún un ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí 20, kò sì burú lójú ẹni tó ń wò ó, nítorí ọmọ náà kéré. Ṣùgbọ́n ẹ gbé àpótí tó mọ bẹ́ẹ̀ síta ní aago méjìlá ọ̀sán, gbogbo rẹ̀ ni yóò gbóná pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ ahun yóò sì kú sínú rẹ̀ kí ẹ tó jẹun ọ̀sán tán. Láàrin méjèèjì, fún ahun tí kò tóbi kọjá sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ìṣirò Jámánì wúlò. Fún ọmọ tuntun àti fún òmìrán, ó kéré jù.

Ìdí tó fi kéré jù ni pé iṣẹ́ pọ̀ tí ahun ń fi ilẹ̀ ṣe, èkíní rẹ̀ ni pé ó ń fi yan ooru. Ara ènìyàn ń ṣe ooru fún ara rẹ̀; ti ahun kì í ṣe é. Bí ibi tó wà bá ṣe gbóná tó ni ara rẹ̀ ń gbóná tó. Láàárọ̀ yóò jáde lọ yá oòrùn kí oúnjẹ inú rẹ̀ lè dà. Bí oòrùn bá mú, yóò wá ibòji lọ. Ó nílò ibi tó gbóná tó nǹkan bíi 35°C, ó sì nílò ibi tó tutù ju ìyẹn lọ dáadáa, lákòókò kan náà, kí ó lè máa lọ, kí ó máa bọ̀, bí ara rẹ̀ bá ṣe fẹ́. Bí àlàfo ibi méjèèjì bá kúrú, ooru ọ̀kan yóò kó ran èkejì. Nítorí náà ni mo fi máa ń ka gígùn ọgbà sí ju ìbú rẹ̀ lọ: ọgbà tó gùn gbọọrọ, tí oòrùn wà ní ìpẹ̀kun kan, tí ibòji sì wà ní ìkejì, sàn ju èyí tó rí dọ́gbadọ́gba lọ, kódà bí ilẹ̀ méjèèjì bá pọ̀ bákan náà.

Ọ̀rọ̀ ibòji yìí gba àkíyèsí nílẹ̀ wa. Àwọn ìwé tí wọ́n kọ ní Yúróòpù sọ pé ògiri ọgbà lè ṣe ibòji fún ahun. Lọ́dọ̀ wọn, oòrùn máa ń dẹ̀gbẹ́, òjìji ògiri sì máa ń gùn. Lọ́dọ̀ tiwa, ní oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán máa ń dúró gangan sí àtàrí wa, òjìji ògiri yóò sì kù sí ìdí ògiri nìkan. Igi ni ahun nílò, tàbí òrùlé. Kí ẹ tó da ìpìlẹ̀ ohunkóhun, ẹ lọ síbẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ní aago kan ọ̀sán àti ní aago mẹ́rin, ẹ gún èèkàn sí ibi tí ibòji bá dé nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí ibi tí èèkàn aago kan yí ká kò bá tó ìdá mẹ́ta ilẹ̀ náà, ẹ gbin igi tàbí kí ẹ na òrùlé díẹ̀ kí ahun tó dé.

Iṣẹ́ kejì ni jíjẹ. Koríko ni oúnjẹ sulcata: eéran, gbẹ́gi, àti irú wọn, tútù tàbí gbígbẹ. Kì í ṣe búrẹ́dì, kì í ṣe ìrẹsì, kì í ṣe ẹ̀bà tó kù sínú àwo. Ọgbà tí kò bá lè hu koríko padà bí ahun ṣe ń jẹ ẹ́ ti di àgọ́ nìyẹn, ó di dandan kí a máa gé koríko wá fún un lójoojúmọ́. Nílẹ̀ Yorùbá, koríko ń hù fìrìgbọ̀n láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, lẹ́yìn náà ọyẹ́ á dé, yóò sì gbẹ. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò, kì í ṣe ìgbà òjò. Ohun tí mo fara mọ́ jù ni pé kí a la ọgbà sí méjì pẹ̀lú ògiri kékeré láàrin, kí ahun jẹ ìhà kan fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀, kí a sì fi ìhà kejì sílẹ̀ kí ó tún hù.

Nígbà náà, báwo ni ọgbà sulcata àgbà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó? Plọ́ọ̀tì tí wọ́n sábà ń tà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Èmi gbà pé ìdá mẹ́rin rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 25 sí 50, ni ẹni tó bá fẹ́ sin ahun yìí dénú gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀ fún un. Àwọn olùsìn kan ń lo ilẹ̀ tí kò tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi koríko gígé dí i. Bí ọwọ́ wọn kò bá yẹ̀, ahun yóò wà láàyè. Ẹsẹ̀ bàtà 25 sí 50 ni yóò jẹ́ kó rìn, kó yan ooru, kó sì jẹ nínú èyí tó pọ̀ jù nínú oṣù ọdún láìjẹ́ pé a ń gbé oúnjẹ tọ̀ ọ́. Bí ilẹ̀ tó kù lẹ́yìn ilé, kànga àti ibi ìgbọ́kọ̀sí kò bá lè yọ irú àyè yẹn, sulcata kọ́ ni ahun tó yẹ ilé náà.

Ṣùgbọ́n a kì í tú ọmọ tuntun sí ìdá mẹ́rin plọ́ọ̀tì. Yóò sọnù sínú koríko, ẹ kò sì ní mọ̀ bóyá ó jẹun. Àṣá ń bẹ lókè, eku ń bẹ lálẹ́, awọ́nríwọ́n kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e, ìjàlọ sì lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ọmọ sulcata nílò ọ̀rinrin ju ìyá rẹ̀ lọ. Ní 2003, Wiesner àti Iben tẹ ìwádìí kan jáde lórí bí ìkarahun ọmọ sulcata ṣe ń yọ gónńgó-gónńgó. Wọ́n rí i pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń fà á ju purotéènì inú oúnjẹ lọ. Ìbàjẹ́ tí ìkarahun bá ti ní ní kékeré kì í tún padà, bó ti wù kí ọgbà àgbà fẹ̀ tó. Nítorí náà, fún ọdún kan tàbí méjì àkọ́kọ́, ilé kékeré tí a lè bu omi wọ́n ló dára fún un, ó kàn jẹ́ pé kékeré yẹn kì í ṣe páálí.

Ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 2 ni mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn, pílíwúùdù kan ṣoṣo sì tó o. Ní ọjà pákó Bódìjà n'Ìbàdàn tàbí ibikíbi tí wọ́n ti ń tà á, ojú pílíwúùdù kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4. Kí káfíńtà gé e sí méjì láàrin, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò di 4 sí 4. Láti inú èkíní, kó gé ilẹ̀ àpótí, 4 sí 2, kó sì la ìdajì tó kù sí ògiri gígùn méjì, 4 sí 1 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti inú èkejì, kó gé ògiri kúkúrú méjì, 2 sí 1. Èyí tó ṣẹ́kù tó láti ṣe òrùlé bo ìdajì àpótí, kí ibòji lè wà. Ìdajì kejì, kí wọ́n kan nẹ́ẹ̀tì wáyà sí i lórí. Ẹ da yẹ̀pẹ̀ tútù tó jìn tó ínǹṣì 4 sí i, kí ọmọ ahun lè bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé àpótí náà lé orí ẹsẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ sì ti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo omi nítorí ìjàlọ. Ẹ má ṣe fi gíláàsì ṣe ilé ahun. Ó máa ń gbóná kíákíá lóòrùn, kì í jẹ́ kí ìtànṣán tí egungun ahun nílò wọlé, ahun náà yóò sì máa fi orí lu ohun tí kò rí.

Ohun tó ń náni lówó jù lórí ọgbà ahun ni pé à ń kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta: kékeré, kó tún kéré jù, ńlá díẹ̀, kó tún kéré jù, kó tó wá di ńlá. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ mọ ògiri ìta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bó ṣe máa rí títí ayé, kí ẹ wá fi búlọ́ọ̀kù tí a kò fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ dínà nínú rẹ̀. Bí ahun bá kúrò nínú àpótí, ẹ fún un ní igun kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, kí nẹ́ẹ̀tì ṣì wà lórí rẹ̀. Nígbà tí ìkarahun bá súnmọ́ sẹ̀ǹtímítà 30, kó ní ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 10. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ìkarahun bá ti ń fi sẹ̀ǹtímítà 10 gùn sí i, ẹ máa sún búlọ́ọ̀kù síwájú, títí tí gbogbo ọgbà yóò fi di tirẹ̀. Owó tí ẹ ì bá fi wó ògiri, kí ẹ tún mọ òmíràn, ẹ fi ra igi tí yóò ṣe ibòji.

Ògiri yẹn fúnra rẹ̀ ní ìṣirò tirẹ̀. Búlọ́ọ̀kù gùn ní ínǹṣì 18, ó ga ní ínǹṣì 9. Ọgbà ẹsẹ̀ bàtà 25 sí 50 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 150 bí a bá yí i ká, kóòsì kan yóò sì gba nǹkan bíi 100 búlọ́ọ̀kù. Sulcata ń gbẹ́lẹ̀. Nílé rẹ̀ ní Sàhẹ́lì, ihò tó ń gbẹ́ lè gùn ju mítà 3 lọ, nítorí ibẹ̀ ló ń sá fún ooru sí. Nítorí náà, kóòsì méjì gbọ́dọ̀ wọlẹ̀, kí mẹ́ta yọ sókè, ó di nǹkan bíi 500. Bí ẹ bá lo igun ọgbà ilé yín, níbi tí fẹ́ǹsì ti wà ní ìhà méjì, ìdajì rẹ̀ ni yóò kù, nǹkan bíi 250. Ẹ wo ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì náà dáadáa kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí kò bá jìn, ẹ to òkúta wẹ́wẹ́ àti kọnkéré sí ìdí rẹ̀, kí ahun má baà gbẹ́ abẹ́ ògiri aládùúgbò yín wó. Kí ọgbà náà jìnnà sí sókàwéè, nítorí ìdí kan náà.

Ẹ má ṣe fi wáyà nìkan ṣe ọgbà. Níbi tí ojú ahun bá ti ríran kọjá, kò ní gbà pé ọ̀nà dí. Yóò máa fi àyà tì í, yóò máa ti orí bọ àárín rẹ̀, ahun kílò 50 yóò sì borí wáyà lọ́jọ́ kan. Ògiri tí kò rí òdì kejì rẹ̀ ni yóò jẹ́ kó yí padà, kó bá tirẹ̀ lọ. Ibi tí ògiri méjì ti pàdé ni ó ti ń gun òkè, torí náà kí bíríkìlà jẹ́ kí igun náà tẹ̀ díẹ̀.

Ìwọ̀n ilẹ̀ nìkan kò lè gba sulcata lọ́wọ́ òjò wa. Òjò tó ń rọ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún máa ń ju mìlímítà 1,000 lọ; ní ibi púpọ̀ ní Sàhẹ́lì, kì í tó ìdajì ìyẹn. Ihò tí ahun bá gbẹ́ sínú ilẹ̀ amọ̀ wa lè kún fómi lóru ọjọ́ kan, tàbí kó wó lé e lórí. Ẹ kọ́ ahéré fún un kí ó má baà gbẹ́ tirẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 4 nínú, kí ilẹ̀ rẹ̀ ga ju ti ọgbà lọ, kí ẹnu ọ̀nà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3, kí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì wà tí yóò gbà gòkè. Kó lè yí po nínú rẹ̀ láìfi ìkarahun gbá ògiri. Ibi tí ahun bá ti ń rẹ lóru, tí òtútù sì mú un, àyà rẹ̀ ni àìsàn kọ́kọ́ ń bá jà.

Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti ra méjì kí ọ̀kan má baà dá wà. Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe é, ṣùgbọ́n ìdánìkanwà kò ni ahun lára. Akọ méjì nínú ọgbà kan yóò máa kàn ara wọn, èyí tó bá lágbára yóò dojú èkejì dé, èyí tó bá sì wà ní ìdojúdé lóòrùn kò ní pẹ́ kú. Akọ kan pẹ̀lú abo kan kò sàn jù. Akọ kò ní jẹ́ kó sinmi, abo náà yóò sì máa yé ẹyin, tó lè ju 20 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọ tí ẹ kò ní ilẹ̀ fún. Bí ẹ bá ti ní méjì, ẹ má ṣe rò pé ọgbà ìlọ́po méjì ti yanjú rẹ̀. Ògiri àárín tí wọn kò lè fi rí ara wọn ni wọ́n nílò.

Ahun inú igbó wa kò fẹ́ ilẹ̀ púpọ̀. Ibi tó jẹ́ mítà 3 sí 2 yóò tó o, bí ó bá wà lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí kòkó, tí ewé gbígbẹ nípọn nílẹ̀, tí ọ̀rinrin kì í sì í kúrò níbẹ̀. Olú, èso àti kòkòrò ló ń jẹ. Síbẹ̀, n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó rà á. Pípa fún ẹran jíjẹ àti gígé igbó ti mú kí IUCN, àjọ tó ń rí sí ààbò ẹ̀dá lágbàáyé, ka Kinixys homeana mọ́ àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n parẹ́. Ẹni tó bá ra èyí tí wọ́n gbé dání létí ọ̀nà, òmíràn ni wọn yóò tún wọ igbó lọ mú.

Fún àwọn tiwa tó wà lókè òkun, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ní Houston àti káàkiri Texas, wọ́n ń bí sulcata sínú ilé, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n sì ń ta ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn tó rà á kì í mọ ibi tí wọn yóò gbé e sí, àwọn ibi ààbò ẹranko sì kún fún wọn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, òtútù kò ní jẹ́ kó jáde fún ìdajì ọdún. Ahun Hermann, tí kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ, ló bá ọgbà kékeré ẹ̀yìn ilé ibẹ̀ mu. Tábìlì ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 2 lábẹ́ iná fún ọjọ́ òtútù, mítà mélòó kan lórí koríko fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ẹ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ẹ má sì gbìyànjú láti gbé ahun láti ilé wá sínú báàgì. Láti 1975 ni sulcata ti wà nínú CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹ̀dá inú ìgbẹ́, láti 2000 sì ni wọn kò ti fàyè gba kíkó èyí tí wọ́n mú nínú ìgbẹ́ jáde fún títà.

Ìwọ̀n kan tún wà tí tépù kò lè wọ̀n. Ní oṣù kẹwàá 2019 ni Alágbà, ahun ààfin Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́, kú. Ààfin ní ọdún 344 ló lò láyé. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni pé ahun ń pẹ́ láyé, sulcata sì lè lò ju 50 ọdún lọ. Ilẹ̀ ààfin kì í ṣe ilẹ̀ tí ẹnì kan yóò tà lọ́la. Tiyín ńkọ́? Ẹni tó ń gbé ilé àyágbé, tí onílé lè ní kó kó jáde, kò ní ibi tí yóò gbé ọgbà 500 búlọ́ọ̀kù lọ. Ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó rà á, nítorí ọ̀kan nínú wọn ni yóò gbà á.

Bí ahun bá ti wà lọ́wọ́ yín ná, òun fúnra rẹ̀ yóò fi hàn yín bóyá ibi tó wà tó o. Ẹ wo ìdí ògiri. Bí ipa ẹsẹ̀ bá ti là níbẹ̀ yí ọgbà ká, tí koríko kò hù níbẹ̀ mọ́, tí àárín sì wà bó ṣe wà, ọ̀nà àbájáde ni ahun náà ń wá. Bó bá ń fi ẹsẹ̀ iwájú ha igun kan ṣoṣo lójoojúmọ́, bákan náà ni. Bí gbogbo koríko bá tán kí oṣù kejìlá tó dé, ilẹ̀ kéré. Bó bá ń sùn sí ibi kan náà lọ́sàn-án gangan, tí ó ń mí gùlegùle, tí itọ́ sì ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ibòji kò tó, kí ẹ sì ṣe é lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ máa wọn ìkarahun ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ní ìparí rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, kí ẹ sì sún búlọ́ọ̀kù bó ṣe yẹ. Bí kò bá sí ibi tí a tún lè sún un sí mọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ní oko olódi tàbí lọ́wọ́ àwọn ọgbà ẹranko tó wà nítòsí yín, nígbà tí ahun náà ṣì kéré tó èyí tí èèyàn kan ṣoṣo lè gbé.